Ta ló ń jáde ìwọ́de, ta ló ń yọjú lójú fèrèsé?

Akọ̀wé_Mushin
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún 2024, èyí tí wọ́n pè ní #EndBadGovernance. Kò sẹ́ni tí ebi ò pa ládùúgbò wa nígbà náà. Owó epo bẹntiróòlù ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀ tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí ẹ̀, gàrí gbówó lérí, ìrẹsì di oúnjẹ ọdún. Onílé wa máa ń bú ìjọba láti àárọ̀ títí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ pé, òun gan-an ló ti géètì pa, ó ní ẹni tó bá lọ sí Ojota kó má padà wọlé òun mọ́. Nígbà tó di alẹ́, a jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, à ń wo àwọn tó lọ. Gbogbo ilé ní aláìníṣẹ́ ni wọ́n, pé wọ́n ti gbowó.

Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó lọ, kí ló sì gbé e lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ò lọ, kí ló dá yín dúró? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rù nìkan ni o, torí onílé wa kì í bẹ̀rù ẹnì kankan.

Ìyá_Ẹlẹ́ja
Ọmọ mi, èmi gan-an lò ń bá wí, jẹ́ n dá ọ lóhùn. Mi ò jáde. Ẹja tútù ni mo ń tà. Bí mo bá gbé páálí méjì kúrò ní kóòdù-rúùmù láàárọ̀, owó ẹlòmíì ni mo fi gbé e. Tí ọjà ò bá wá ṣí, yìnyín ni mo máa máa rà lé e lórí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ojú ẹja á ti wọnú, ara ẹ̀ á ti rọ̀. Oníbàárà á fi ìka tẹ ikùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á rẹ́rìn-ín, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo máa wá kó o lọ bá àwọn tó ń yan ẹja, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa san. Alájọ ò sì ní bi mí bóyá ìwọ́de wà o. Ọjọ́bọ̀ ni ìwọ́de yín bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbowó oṣù lè lọ lọ́jọ́bọ̀ kí owó ẹ̀ pé síbẹ̀ lópin oṣù.

Lọ́dún 2020, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àwọn tó fọ́ ọ kì í ṣe ọmọ ìwọ́de, ọmọ àdúgbò ni wọ́n, wọ́n máa ń kí wa tí wọ́n bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo nǹkan dàrú ni wọ́n ráyè. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì san gbèsè ọjà náà tán. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un pé ìwọ́de dáa.

Sọ̀rọ̀Sókè_Aláùsá
Ìyá mi, ẹ kú ọjà o, Olúwa á bá yín tà á. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ẹja. Àmọ́ mo wà ní Aláùsá níbi ìwọ́de #EndSARS lóṣù kẹwàá ọdún 2020, ẹ jẹ́ n sọ àwọn tí mo rí fún Akọ̀wé.

Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀gá ẹ̀ ló tiẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ. Tápá òsì, onígẹ̀rígẹ̀rí ni, ó ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wá síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ torí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti yanṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta, kò sí kíláàsì kankan tí wọ́n fẹ́ pa jẹ. Ohun tó pa gbogbo wa pọ̀ ni pé SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ti dá wa dúró rí. Wọ́n ti gba fóònù wa tú, wọ́n ti pè wá lọ́mọ Yahoo torí irun orí tàbí laptop inú báàgì, wọ́n ti mú ẹlòmíì lọ sídìí ATM. Bàbá mi tó ní kí n má lọ, SARS ò dá a dúró rí láyé ẹ̀. Mọ́tò ẹ̀ ti gbó, irun ẹ̀ ti funfun, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?

Ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin náà o. Feminist Coalition ló ń gba owó jọ fún oúnjẹ, omi, àǹbúláǹsì, àti lọ́yà fún ẹni tí ọlọ́pàá bá mú. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà owó mọ́ wọn, Bitcoin ni wọ́n ń gbà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká, bàbá mi sì yọ̀ bí ẹni pé òun ló ṣe é. Nígbà tí ṣọ́jà wá yìnbọn ní Lekki ní ogúnjọ́ oṣù, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "Ṣé mo sọ fún yín?"

Kẹ̀kẹ́_Ń_Yí
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹni tó gbowó, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Mo ti gbé wọn rí. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ́de ebi, ìwọ́de ìtìlẹ́yìn olóṣèlú kan ni. Wọ́n pín fìlà fún wọn, ọkùnrin kan mú ìwé dání, ó ń pe orúkọ kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó tún orúkọ pè kó tó sanwó. Ọmọ kan lọ tọ̀ lẹ́yìn ògiri, wọ́n ti kọjá orúkọ ẹ̀ kó tó dé, owó ẹ̀ bá wọgbó. Inú kẹ̀kẹ́ mi ló ti ń ṣépè títí mo fi já a sílẹ̀. Ìwọ́de tí ẹnì kankan ò ti pe orúkọ, mi ò gbà pé wọ́n rà á.

Ọmọ_Oòduà_Tòótọ́
Ẹ má tan ara yín. Ti 2024 yẹn kì í ṣe tiwa. Àwọn tí ò dìbò fún ọmọ wa, Tinubu, ló gbé e dìde, wọ́n fẹ́ fi lé e kúrò lórí oyè. Nígbà tí àwọn mìíràn wà níbẹ̀, ta ló jáde? Ẹ jẹ́ kó parí tiẹ̀.

TíṣàFẹ̀yìntì
Ọmọ Oòduà, o ní ta ló jáde? Ṣé o ti gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2012 ni? Lọ́jọ́ ọdún tuntun, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́, epo fò láti 65 náírà dé 141. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, gbogbo Ojota kún fọ́fọ́. Pásítọ̀ Tunde Bakare àti Save Nigeria Group wà níbẹ̀, olórin wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lórí oyè lónìí kọ̀wé síta nígbà náà, ó tako yíyọ owó náà gidigidi. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìwọ́de ẹ̀yà kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún, owó epo wálẹ̀ sí 97, ṣọ́jà sì gba ojú títì Èkó. Epo kan náà ni, ebi kan náà ni. Ẹni tó wà lórí àga nìkan ló yàtọ̀.

Akọ̀wé, mo ti fẹ̀yìn tì, mo lè sọ tẹnu mi. Ìgbà tí ìwọ́de ń lọ lọ́wọ́ là ń bú u. Lọ́dún 1978, ìjọba ológun sọ owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti 50 kọ́bọ̀ di 1.50 náírà lójúmọ́. Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ẹ̀kọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo "Ali Must Go". Wọ́n yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, wọ́n lé Ṣẹ́gun Òkèówò tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nílé ìwé. Ẹ ò gbọ́ ohun tí àwọn òbí ń sọ nígbà náà? Wọ́n ní àjẹyó ló ń dà wọ́n láàmú, pé ta ló ń fún ọmọ mẹ̀kúnnù lóúnjẹ 50 kọ́bọ̀. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló wà níbẹ̀. Tí a bá ka gbogbo àwọn tó ní àwọn wà ní Akoka lọ́jọ́ náà, ọgbà ò ní gbà wọ́n.

Alábòójútó
Mo ti yọ ìdáhùn méjì tó ń bú ẹ̀yà kúrò. Ẹni tó bá tún kọ irú ẹ̀, màá tì í síta. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọmọ_Akanran
Ẹ kú iṣẹ́, Alábòójútó. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ wá sí abúlé díẹ̀, torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Èkó nìkan ni wọ́n ti ń jáde. Ará Akanran nílé wa, lọ́nà Ìbàdàn, níbi tí Táfà Adéoyè, olórí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, ti wá. Àgbẹ̀ kòkó ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà. Lọ́dún 1968, owó kòkó wálẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sì ń gba owó orí tó ju agbára wọn lọ. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn máa san, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ya wọ gbọ̀ngàn Mapo n'Íbàdàn ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1968. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún kejì, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá sí Akanran láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ìjọba wá sọ owó orí di pọ́n-ùn méjì.

Bàbá mi àgbà sọ fún wa pé àwọn akọ̀wé inú ìlú ń pè wọ́n ní ará oko, wọ́n ní kí ni aláìmọ̀wé mọ̀ nípa owó ìjọba. Mo mẹ́nu bà á torí Akọ̀wé sọ pé wọ́n ń pe àwọn ará Ojota ní aláìníṣẹ́. Àgbẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ṣì rí nǹkan pè é.

TíṣàFẹ̀yìntì
Òótọ́ ni, àmọ́ sọ ọ́ tán, ọmọ mi. Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ kú sínú rògbòdìyàn owó orí náà lọ́dún 1969, wọ́n pa á ni. Ojú wa rí i. Ìbẹ̀rù táwọn àgbà ní sí ìwọ́de, ibẹ̀ wà lára ibi tó ti wá. Kì í ṣe ojo lásán.

Ọmọ_Akanran
Mo gbà, Bàbá. N ò fi í pa mọ́, mi ò tíì débẹ̀ ni.

Bọ̀dáPeckham
Ẹ kú ìjókòó. Lóṣù kẹwàá 2020 a dúró níwájú ilé aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́pàá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ ẹ̀ rò pé gbogbo wa ló lọ? Àwọn tó ní páàsì òyìnbó ló pọ̀ jù. Ẹni tó ń fi físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé ibí ń ronú pé tí wọ́n bá ya fọ́tò òun ńkọ́, tí Home Office bá rí i ńkọ́. Ìṣirò kan náà ni pẹ̀lú ti Ìyá Ẹlẹ́ja.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó fẹ́ràn ìwọ́de jù wá lọ. Tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ojú ọjọ́ bá dí títì, èpè tí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣẹ́ kò kéré. Lóṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ fi Roger Hallam ti Just Stop Oil sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún torí pé ó bá wọn gbìmọ̀ lórí Zoom láti dí ojú ọ̀nà M25. Ilé ẹjọ́ tó ga ju ìyẹn lọ dín in kù sí mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ó tọ́ sí i.

Lọ́yà_Ìkẹjà
Mo fẹ́ fi òfin kún un ní ṣókí, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tó jáde ti rú òfin. Abala 40 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ. Lọ́dún 2007, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ láàárín ọ̀gá ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ ANPP, ó ní kò sí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó wọ́de. Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 tiẹ̀ ní iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bo àwọn tó péjọ. Ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe l'Ékòó ní 2024 ni pé ó ní kí wọ́n dúró sí ọgbà Gani Fawehinmi l'Ójota àti Peace Park ní Ketu.

Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń mú kì í sábà jẹ́ ẹni tó ṣètò. Mo ti lọ gba béèlì ọmọ tó ń ta omi oníke, kẹ́ ẹ gbọ́ o. Ìwọ́de ṣe é láǹfààní torí òùngbẹ ń gbẹ àwọn èèyàn, nígbà tí tajútajú dé, agbọ̀n omi ò jẹ́ kó lè sáré. Tẹ́ ẹ bá sì wo ti òkè ọya, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2024, èèyàn 76 ni wọ́n gbé wá sí ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Ábújá, ọmọdé wà lára wọn, ebi ti lù wọ́n débi pé àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí fídíò ẹ̀ jáde ni Ààrẹ tó ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ìwọ́de ẹ̀yà kan ni, Kano ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn.

Ọmọ_Oòduà_Tòótọ́
Mo ti gbọ́. Ti àwọn ọmọ yẹn dùn mí. Àmọ́ ẹni tó fún ọmọdé ní àsíá Rọ́ṣíà gbé, ẹ máa bá mi wí.

Àbẹ̀kẹ́_Ẹ̀gbá
Mo ti ń kà láti àná. Gbogbo yín ń sọ ẹni tó lọ àti ẹni tí ò lọ bí ẹni pé kálukú ló jókòó sílé rò ó. Abẹ́òkúta ò rí bẹ́ẹ̀.

Owó orí obìnrin ti wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá láti ọdún 1918. Àwọn agbowó-orí ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti fi mọ̀ bóyá ó ti tó ẹni tó ń sanwó. Ẹ tún wá lọ wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Olùkọ́ ni, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú tó ń kọ́ra wọn níṣẹ́ aránṣọ ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Tí ẹgbẹ́ náà bá dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú ni ì bá máa wò wọ́n bí àwọn ìyàwó olówó. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló bá a sọ ọ́ pé ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn nígbà ogun Hitler. Ó bá wọn dá sí i. Ó bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Lọ́dún 1946 ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union. Wọn ò fún wọn láṣẹ ìwọ́de, wọ́n bá ń pè é ní píkíníìkì! Nígbà tó di òpin oṣù kọkànlá ọdún 1947, wọ́n sun ìta ààfin Aké. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, àwọn náà ní ọjà tó lè bàjẹ́ o. Ọlọ́jà ata wà níbẹ̀, ọlọ́jà ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀. Tí gbogbo ìsọ̀ bá tì pa, oníbàárà wo ló máa kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì?

Akọ̀wé_Mushin
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun. Mo rò ó títí lẹ́yìn tí mo ka tiyín. Mo ń bá onílé wa jà lọ́kàn mi, pé ojo ni, pé alágàbàgebè ni. Àmọ́ kò sí ẹgbẹ́ kankan tó ń bọ̀ wá kan géètì láti pè é. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní ẹgbẹ́, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní ẹgbẹ́, 2012 ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà nídìí ẹ̀. Lọ́dún 1994 tí wọ́n fẹ́ kí Abíọ́lá gba ipò tí ó wọlé sí, Frank Kokori kó àwọn òṣìṣẹ́ epo NUPENG sẹ́yìn, epo wọ́n gógó. Èmi nìkan ni mo fẹ́ kí ó jáde lọ sí Ojota, kó dá lọ, kó dá padà.

Sọ̀rọ̀Sókè_Aláùsá
Ẹ̀gbọ́n, mo gba díẹ̀, n ò gba díẹ̀. Àwa ò ní ẹgbẹ́ kankan lọ́dún 2020, a tiẹ̀ ní a ò fẹ́ olórí, kí wọ́n má bàa rí ẹni rà. Fóònù ló pè wá jọ. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró.

TíṣàFẹ̀yìntì
Òótọ́ lo sọ. Nígbà tí wọ́n wá yìnbọn, ta ló bá ìjọba jókòó lórúkọ yín? Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Okuwobi jókòó, wọ́n kọ ìwé sílẹ̀ lóṣù kọkànlá 2021, wọ́n pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lekki ní ìpakúpa. Ìjọba Èkó ní àwọn ò gba apá ibẹ̀. Ó tán. Ẹgbẹ́ wo ló sọ pé a ò ní ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi gbà á?

Sọ̀rọ̀Sókè_Aláùsá
Bàbá, ká ní a ní olórí, àtìmọ́lé ni ì bá wà. Báǹkì àpapọ̀ ti àkáǹtì àwọn tó ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀ pa. Okeowo tẹ́ ẹ dárúkọ gan-an, ṣé wọn ò lé e ni?

Kẹ̀kẹ́_Ń_Yí
Ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, àwa náà ní. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n mọ̀ ọ́n já fún wa láràárọ̀. Tá a bá wọ́de ta ko ẹnì kan, àwọn la máa kọ́kọ́ ta kò.

Ìyá_Ẹlẹ́ja
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, mo rí tìẹ. Ìyá mi náà bá wọn ta ọjà l'Ékòó, ó máa ń dárúkọ Alimotu Pẹlẹ́wúrà fún wa. Wọ́n ní kí obìnrin Èkó san owó orí lọ́dún 1940, wọ́n ti ọjà, wọ́n lọ bá gómìnà, òyìnbó gbé owó tí èèyàn máa pa kó tó san án sókè. Mi ò gbàgbé.

Àmọ́ Pẹlẹ́wúrà, ọlọ́jà ẹja ni bíi tèmi, àwọn ọlọ́jà ló fi jẹ olórí. Ìyálọ́jà ti ìsinsìnyí, wọ́n mú un wá bá wa ni, wọ́n sì ní ká wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú lọ kí i kú oríire. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá tọrọ ìbò, ó máa ń tì wá jáde láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ọlọ́jà tí kò bá tì, wọ́n á bu owó lé e. Torí náà ọjà ṣeé tì, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n bá ń tì í fún ló kù.

Tó bá jẹ́ pé ìsọ̀ wa tò bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aláta títí dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran, tí gbogbo wa ní ọjọ́ báyìí a ò ṣí, mi ò ní gbé ẹja jáde lọ́jọ́ náà, mo ti mọ̀ kí n tó ra á. Ẹ lọ bá Ìyálọ́jà sọ ọ́. Kó tó dé orí ìyẹn, Akọ̀wé, kí onílé yín kọ́kọ́ má fi kún owó ilé lọ́dún yìí.